Pak Se-ri: Ọmọ tó Bọ́ Bàtà Wọnú Omi, àti Gbèsè tí Kì í Tán

Tí ẹ bá bi ará Gúúsù Kòríà kan tó ti gbọ́njú ní ọdún 1998 pé kí ló rántí jù nínú ọdún náà, ó ṣeé ṣe kó dáhùn pé ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ ọmọbìnrin ẹni ọdún 20 kan. Oòrùn ti pa ojúgun rẹ̀ dúdú, àmọ́ láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sísàlẹ̀, níbi tí ìbọ̀sẹ̀ máa ń bò, funfun báláú ni, àfi bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Ó dúró sínú omi lẹ́bàá pápá gọ́ọ̀fù kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, ó ń wo bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó há sínú koríko létí omi náà. Tẹlifíṣọ̀n Kòríà gbé àwòrán yìí sáfẹ́fẹ́ léraléra débi pé àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà mọ̀ ọ́n dáadáa.

Pak Se-ri ni orúkọ rẹ̀. Ní Kòríà, orúkọ ìdílé ló ń ṣíwájú. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló yí i padà sí Se Ri Pak. A fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ níbí, àmọ́ kì í ṣe ìtàn ife-ẹ̀yẹ nìkan la fẹ́ sọ. Ìbéèrè kan ló ń jẹ wá lọ́kàn: nígbà tí bàbá bá gbé ìrètí rẹ̀ lé ejìká ọmọ, tí odidi orílẹ̀-èdè sì tún wá gbé tirẹ̀ lé e, ta ló ń san owó ẹrù náà?

Ọdún tí owó Kòríà dojú dé

Ká tó dé orí pápá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé. Nígbà tí ogun Kòríà dáwọ́ dúró ní 1953, Gúúsù Kòríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù lọ láyé. Láàárín nǹkan bí ogójì ọdún, wọ́n ti ń ṣe irin, mọ́tò, ọkọ̀ ojú omi àti tẹlifíṣọ̀n tà fún gbogbo àgbáyé. Ní oṣù Kejìlá 1996, wọ́n gbà wọ́n sínú OECD, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀. Inú wọn dùn, wọ́n ní àwọn náà ti dé.

Kò pé ọdún kan tí ilé náà mì. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti yá owó kọjá agbára wọn. Hanbo, ilé iṣẹ́ irin, wó ní oṣù Kìíní 1997, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Dọ́là tó wà lápò ìjọba ń gbẹ. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, ìjọba jáde pé àwọn fẹ́ yá owó lọ́wọ́ IMF. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, wọ́n fọwọ́ sí ìwé: nǹkan bíi dọ́là bílíọ̀nù 57 lápapọ̀, bílíọ̀nù 21 nínú rẹ̀ sì ti ọwọ́ IMF fúnra rẹ̀ wá. Dọ́là kan, tí wọ́n ń fi nǹkan bíi won 900 rà láàárín ọdún, sún mọ́ won 2,000 kí ọdún tó parí. Láàárín oṣù mélòó kan, àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ti ju mílíọ̀nù kan lọ.

Títí di òní, àwọn ará Kòríà kì í pe àkókò yẹn ní orúkọ mìíràn ju “ìgbà IMF” lọ. Àwa tí àwọn òbí wa ń sọ ìtàn SAP ọdún 1986 fún kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1998, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó góòlù wọn jáde kí ìjọba lè fi wá dọ́là: òrùka ìgbéyàwó, ẹ̀gbà ọrùn, òrùka tí wọ́n fi ń kí ọmọ tó bá pé ọdún kan, àmì-ẹ̀yẹ àwọn eléré ìdárayá. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ èèyàn ló kópa, góòlù tí wọ́n sì rí kó jọ ju tọ́ọ̀nù 200 lọ. Báyìí ni nǹkan ṣe rí nílé nígbà tí ọmọ kan láti ìlú Daejeon ń gbá bọ́ọ̀lù káàkiri Amẹ́ríkà.

Ọmọ Daejeon

Wọ́n bí Pak Se-ri ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1977. Òun ló ṣìkejì nínú ọmọbìnrin mẹ́ta. Kì í ṣe gọ́ọ̀fù ló kọ́kọ́ mọ̀. Eré sísá ló ń ṣe nílé ìwé, ó ń fo igi ìdènà, ó sì ń ju òkò irin. Bàbá rẹ̀, Pak Joon-chul, ẹni tó fẹ́ràn gọ́ọ̀fù gan-an, ló fi ọ̀pá gọ́ọ̀fù lé e lọ́wọ́.

Ẹ má gbàgbé pé gọ́ọ̀fù kì í ṣe eré tálákà ní Kòríà. Òkè pọ̀ nílẹ̀ wọn, ilẹ̀ pẹrẹsẹ kò tó, pápá kò pọ̀, owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ sì ga. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, eré ọ̀gá ilé iṣẹ́ àti olóṣèlú tó ń ṣe kọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí Kim Young-sam di ààrẹ ní 1993, ó ní òun kò ní gbá gọ́ọ̀fù títí òun yóò fi kúrò lórí àlééfà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà sì yára pa ọ̀pá wọn mọ́. Inú eré tí àwọn ará ìlú ń fojú burúkú wò yìí ni Pak Joon-chul ti sọ pé ọmọ òun yóò ti là.

Bó ṣe kọ́ ọmọ náà kò rọrùn rárá. Ó máa ń mú un sáré gun àtẹ̀gùn ilé alájà 15 ní òwúrọ̀, ní ìlọ àti ní àbọ̀, nígbà mìíràn kó fẹ̀yìn gùn ún. Àwọn ìwé ìròyìn òkèèrè tún gbé ìtàn kan kiri pé ó máa ń mú un lọ sí ìtẹ́ òkú lóru kí ẹ̀rù má baà bà á mọ́. Ìtàn ìtẹ́ òkú yìí kò yéé yí padà lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́, nítorí náà a ò ní gbé e lé orí. Àmọ́ pé ọmọ náà ń gbá bọ́ọ̀lù láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò sẹ́ni tó jiyàn rẹ̀. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìbéèrè tó kù ni pé ẹnu àáké ta ni kò wò, ti bàbá ni àbí ti ọmọ?

Ó so èso. Ní 1992, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ilé ìwé, ó gba ife níbi ìdíje kan tí àwọn obìnrin tó fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ ti wá dije. Ní 1996, òun náà sọ ọ́ di iṣẹ́. Samsung gbà láti máa náwó lé e lórí, wọ́n sì rán an lọ sí Florida lọ́dọ̀ David Leadbetter, olùkọ́ gọ́ọ̀fù tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ọmọ ọdún 19 ni, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní oṣù Kẹwàá 1997, ó ṣe ìdánwò àtiwọ LPGA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbá-gọ́ọ̀fù ti Amẹ́ríkà, òun àti ẹnì kan sì jọ ṣe ipò kìíní. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ bá IMF.

Òun kọ́ ni ará Kòríà àkọ́kọ́ tó gba ife lọ́hùn-ún. Ku Ok-hee ti ṣe é ní 1988, ní ìpínlẹ̀ Arizona. Àmọ́ ọdún Olympics ti Seoul ni ọdún yẹn, ojú gbogbo ènìyàn wà níbòmíràn, ìròyìn náà sì kọjá bí atẹ́gùn. Àwa tó ń kọ́ ìtàn yẹ kó máa rántí Ku: ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tí ayé ń pè ní ẹni àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ ẹnìkejì.

Ihò méjìléláàádọ́rùn-ún

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ gọ́ọ̀fù: ihò 18 ló wà lórí pápá, ẹni tó bá fi ìgbá tó kéré jù lọ gbá bọ́ọ̀lù wọ gbogbo wọn ló borí. Ìdíje ńlá máa ń gba ọjọ́ mẹ́rin, ìyẹn ihò 72. Ìdíje pọ̀ lọ́dún, àmọ́ mélòó kan péré nínú wọn ni wọ́n kà sí àgbà ìdíje.

Ní oṣù Karùn-ún 1998, Se-ri gba LPGA Championship ní Wilmington, ìpínlẹ̀ Delaware. Ife rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà nìyẹn, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìdíje sì ni. Ní oṣù Keje, ó lọ sí U.S. Women's Open ní Blackwolf Run, ìlú Kohler, ní Wisconsin. Pápá náà le. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, òun àti Jenny Chuasiriporn jọ wà ní ìgbá 290. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ní láti dá Jenny mọ̀: ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, Thailand ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Duke sì ni nígbà náà. Kì í gba owó fún gọ́ọ̀fù. Ní ihò ìkẹyìn, ó gbá bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn tó yí gbirigbiri wọlé, òun fúnra rẹ̀ sì fọwọ́ bo ẹnu nítorí ìyàlẹ́nu.

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 6 oṣù Keje, àwọn méjèèjì tún gbá ihò 18 mìíràn. Jenny ló ṣíwájú níbẹ̀rẹ̀, Se-ri sì lé e bá. Nígbà tí wọ́n dé ihò kejìdínlógún, wọ́n jọ wà lórí iye kan náà. Ìgbá àkọ́kọ́ Se-ri níbẹ̀ ya sí òsì, bọ́ọ̀lù náà yí lọ sí ẹ̀bá omi, ó há sínú koríko lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Òfin gbà á láyè láti gbé bọ́ọ̀lù mìíràn kalẹ̀, kí wọ́n ka ìgbá kan lé e lórí. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ihò ìkẹyìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ife sílẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó, ó tún un wò. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó sì wọ inú omi. Kò gbá a síwájú, nítorí kò sí àyè; ó kàn gbá a gba ẹ̀gbẹ́ jáde sínú koríko lókè. Ìgbá náà fúnra rẹ̀ kò ní ẹwà kankan. Ìgbá márùn-ún ló parí ihò náà, ó fi ẹyọ kan ju ohun tó yẹ lọ. Jenny náà ní àǹfààní láti fi òpin sí i, àmọ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò wọlé. Àwọn méjèèjì parí sí ìgbá 73. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ihò kan lẹ́yìn òmíràn. Lórí ihò kejì, Se-ri gbá tirẹ̀ wọlé, ó sì borí. Ihò 92 ló gbà wọ́n lápapọ̀, kò sì sí ìdíje àwọn obìnrin agbá-gọ́ọ̀fù tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Òun ló kéré jù lọ́jọ́ orí nínú gbogbo àwọn tó ti gba ife náà títí di ìgbà yẹn.

Ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ní Kòríà nígbà tó parí. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò sùn.

Ìgbá kan di ìpolówó ìjọba

Lóòótọ́, bọ́ọ̀lù yẹn kò san kọ́bọ̀ kan nínú gbèsè Kòríà. Ọjà tí wọ́n ṣe ránṣẹ́ sókè òkun àti ìyà tí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ jẹ ló san án. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ti já sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní Seoul tàbí ní Busan rí ọmọ kan tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ há síbi tí kò dáa, tí kò sì wá àtúnṣe ọ̀fẹ́. Ó bọ́ bàtà, ó gbá a níbi tó bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi sọ ọ́ di tiwọn.

Ìjọba náà rí i. Lọ́dún yẹn ni ìjọba Gúúsù Kòríà pé àádọ́ta ọdún, wọ́n sì ṣe ìpolówó kan fún tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n fi àwòrán Se-ri nínú omi sí i, wọ́n sì fi orin “Sangnoksu” tí Kim Min-ki kọ, tí Yang Hee-eun fi ohùn gbé jáde, sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: orin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ máa ń kọ nígbà ìwọ́de lórin yìí, ìjọba ológun sì ti fòfin dè é rí. Orin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń yin tajútajú sí ti di orin ìjọba, ẹsẹ̀ ọmọbìnrin agbá-gọ́ọ̀fù kan ló sì gbé e délé gbogbo ènìyàn.

Se-ri kò sinmi. Ó tún gba ife méjì sí i ní oṣù Keje kan náà. Nínú ọ̀kan lára wọn, ó parí ihò 18 pẹ̀lú ìgbá 61, èyí tí obìnrin kankan kò ṣe rí nínú ìdíje LPGA títí di ọjọ́ náà. Nígbà tó wálé lẹ́yìn ìyẹn, ibi ayẹyẹ kan sí òmíràn ni wọ́n ń gbé e lọ, títí ó fi ṣubú lulẹ̀ nítorí àárẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn oníròyìn tẹ̀ lé e débẹ̀.

Àwọn ọmọ Se-ri

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba ọ̀nà oko láàárọ̀ ni ìrì ń pa. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á bá ojú ọ̀nà ní gbígbẹ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Park In-bee nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ ń wo ìdíje náà lóru. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, òun náà ti di ọ̀pá gọ́ọ̀fù mú. Kì í ṣe òun nìkan. Káàkiri Kòríà, àwọn bàbá tí kò tẹ pápá rí bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọbìnrin wọn lọ sí ibi ìdánrawò. Ìran kan dìde tí wọ́n ń pè ní “àwọn ọmọ Se-ri”.

Ọdún mẹ́wàá gééré lẹ́yìn náà, ní 2008, Park In-bee gba U.S. Women's Open ní ọmọ ọdún 19, ó sì gba ipò ẹni tó kéré jù lọ́wọ́ Se-ri. Ji Eun-hee gbà á ní 2009. Ryu So-yeon gbà á ní 2011. Ní 2012, ìdíje náà padà sí Blackwolf Run, orí pápá ọjọ́ kìíní àná, Choi Na-yeon sì borí níbẹ̀. Se-ri wà létí pápá, ó ń dúró láti dì mọ́ ọn. Park In-bee tún gbà á ní 2013, Chun In-gee ní 2015, Park Sung-hyun ní 2017, Lee Jeong-eun ní 2019, Kim A-lim ní 2020. Ẹ kà wọ́n dáadáa. Nínú ọdún mẹ́tàlá, ìgbà mẹ́sàn-án ni ará Kòríà gba ife kan náà.

Ọ̀nà náà kò dùn mọ́ gbogbo èèyàn. Ní 2008, ará Kòríà 45 ló ti wà nínú LPGA. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ẹgbẹ́ náà kéde pé láti ọdún tó ń bọ̀, ẹni tó bá ti lo ọdún méjì láàárín wọn gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò sísọ Gẹ̀ẹ́sì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò dá a dúró. Wọ́n ní àwọn tó ń náwó sórí ìdíje fẹ́ bá àwọn eléré sọ̀rọ̀. Àwa tí wọ́n ti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wa rí nítorí pé a sọ Yorùbá nínú kíláàsì mọ bí òfin bẹ́ẹ̀ ṣe ń dun ni. Èrò Se-ri yà wá lẹ́nu: ó ní kò sóhun tó burú nínú kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ dídá èèyàn dúró ti pọ̀ jù, kí wọ́n kúkú bu owó ìtanràn lé e. Ariwo pọ̀ títí kan láàárín àwọn olóṣèlú àti àwọn tó ń náwó fún ìdíje náà gan-an. Nígbà tó fi di oṣù Kẹsàn-án, LPGA ti fà sẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì gbọ́ èdè Kòríà.

Ẹni tí wọn kò kọ́ ní ìsinmi

Se-ri gba British Open ní 2001, ó sì tún gba LPGA Championship ní 2002. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún 2004, ó ti kó máàkì tó yẹ láti wọ Gbọ̀ngàn Àwọn Ọlọ́lá ti gọ́ọ̀fù jọ. Ohun tó kù ni kó pé ọdún mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́. Ọmọ ọdún 26 ni. Ó ti dé òkè téńté, kò sì mọ ibi tó kàn.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti dà rú. Bọ́ọ̀lù tó ń lọ tààrà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ní 2005, ó farapa, kò sì parí ọdún náà lórí pápá. Ó ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń gbá gọ́ọ̀fù, àmọ́ òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi, nítorí kò sẹ́ni tó kọ́ òun. Àtẹ̀gùn alájà 15 wà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Oorun ọ̀sán kò sí níbẹ̀.

Ó padà wá. Ní oṣù Kẹfà 2006, ní Maryland, òun àti Karrie Webb ti Ọsirélíà jọ parí LPGA Championship lórí iye kan náà. Lórí ihò àfikún àkọ́kọ́, Se-ri gbá bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tààrà. Fífọwọ́ tì í ló kù. Ó di àgbà ìdíje karùn-ún rẹ̀. Ní 2007, ó wọ Gbọ̀ngàn Àwọn Ọlọ́lá, ará Kòríà àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Nígbà tí yóò fi fẹ̀yìn tì, ife LPGA tó gbà jẹ́ 25.

Ní oṣù Kẹwàá 2016, ó gbá ìdíje ìkẹyìn rẹ̀ ní Incheon. Ìgbá 80 ló parí ọjọ́ kan náà, ó sì ń sunkún bó ṣe ń rìn lórí ihò ìkẹyìn. Oṣù méjì ṣáájú ni gọ́ọ̀fù obìnrin padà sínú Olympics ní Rio lẹ́yìn ọdún 116. Se-ri ni olùkọ́ àwọn obìnrin Kòríà. Ta ló gba góòlù? Park In-bee, ọmọ tí kò sùn lóru ọdún 1998.

Gbèsè kejì

A ì bá dúró síbí, kí ìtàn náà dùn délẹ̀. Àmọ́ kò tíì parí.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà 2024, Se-ri jókòó síwájú àwọn oníròyìn ní Seoul. Àjọ kan wà tí òun jẹ́ alága rẹ̀, tó ń ran àwọn ọmọ eléré ìdárayá lọ́wọ́. Àjọ náà ti fi ẹjọ́ bàbá rẹ̀ sun ọlọ́pàá ní 2023. Ẹ̀sùn wọn ni pé ó ṣe ayédèrú òǹtẹ̀ àjọ náà sórí ìwé, láti wọ inú iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gọ́ọ̀fù kan tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Saemangeum, ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òkun. Bàbá náà ní tirẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé òun rò pé, gẹ́gẹ́ bí bàbá, òun lè bá a ṣe é.

Ohun tí Se-ri sọ lọ́jọ́ náà ju ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ lọ. Ó ní láti ìgbà tí òun ti fẹ̀yìn tì ni òun ti ń san gbèsè bàbá òun. Tí òun bá san ọ̀kan tán, òmíràn á yọjú, bí ẹni pé wọ́n tò sórí ìlà. Ó ní òun kò lè ru ẹrù náà mọ́. Oníròyìn kan tó ti ń kọ nípa rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ béèrè bóyá wọn kò lè ti dá a dúró ṣáájú. Se-ri kò rí ohùn dáhùn fún ìgbà pípẹ́. Omijé ló dáhùn.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọ̀rọ̀ yìí yóò ta lára. Ọmọ tí wọ́n ta ilẹ̀ rán lọ sí yunifásítì mọ̀ pé owó ilẹ̀ náà ń dúró de òun. Àwa Yorùbá gbà pé ẹni tó tọ́jú ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ nínú oúnjẹ ọmọ, a kò sì fẹ́ bá àṣà yẹn jà. Bàbá tó jí lójúmọ́ láti dúró ti ọmọ lórí àtẹ̀gùn ṣe iṣẹ́, iṣẹ́ náà sì tọ́ sí èrè. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàárín kí bàbá jẹ nínú oúnjẹ ọmọ àti kí ó máa fi orúkọ ọmọ ra oúnjẹ lóde ní àwìn. A kò ní ṣe ìdájọ́ Pak Joon-chul. Ilé ẹjọ́ ló ni ìyẹn. Ohun tí a lè sọ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ni pé ìtàn akọni tó bá dá dúró síbi ife kì í pé. Kòríà mú ohun tó fẹ́ nínú ẹsẹ̀ funfun yẹn: ìrètí, ìpolówó, ìran àwọn agbá-gọ́ọ̀fù tuntun. Àwọn ọmọ Se-ri náà rí ọ̀nà. Ẹni tó bọ́ bàtà nìkan ni wọn kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá omi náà tutù.

Ní oṣù Kẹjọ 2001, Gúúsù Kòríà san gbèsè IMF tán, ọdún mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Wọ́n kéde rẹ̀, inú gbogbo èèyàn sì dùn. Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn náà ni ọmọ tí wọ́n fi rọ́jú san án tó lè sọ ní gbangba pé òun kò ní san tòun mọ́.